Ẹkún Tí Alfa Kò Sun

Ojú ọkọ mi ń rí mi lára. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí obìnrin máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tó fẹ́ ẹ sílé, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì jí bá ojú yẹn lórí ìrọ̀rí kò lè dá mi lẹ́jọ́. Láràárọ̀, ìpéǹpéjú òkè á ti wú bo ẹyinjú, ti ìsàlẹ̀ á sì rọ̀ wálẹ̀ bí ọ̀rá omi tó fẹ́ jò. Omi á máa sun ní kọ̀rọ̀ ojú náà, á ṣàn lọ sínú irùngbọ̀n, á gbẹ síbẹ̀, á di funfun. Ojú yìí náà ni yóò gbé sókè wò mí, tí yóò ní, "Ìyá Nàfí, kí la máa jẹ?"

Àbdùlwàhídù ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni àwa méjèèjì, àmọ́ Minna níbí ni wọ́n bí i sí, ìdí nìyẹn tí Hausa fi máa ń já lẹ́nu rẹ̀ kí Yorùbá tó dé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Sauka Kahuta ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, láàárọ̀ àti lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ohùn rẹ̀ ni mo torí ẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tó ń wá sílé wa, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké Kùránì, ìyá mi á pa ẹ̀rọ tó fi ń lọ ata kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Ohùn yẹn ni mo rò pé mo fẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nípa yàjì.

Yàjì ni ata lílọ̀ tí àwọn oní-súyà ń pò mọ́ kúlíkúlí àti mágí. Àwọn èèyàn gidi ń wọ́n díẹ̀ sórí ẹran. Ọkọ tèmi ní ike ńlá kan tó kún fún un, ó sì ń wọ́n ọn sórí tàlíà, ìyẹn sùpàgẹ́tì, sórí ẹ̀wà, sórí ìrẹsì. Mo ti rí i tó wọ́n ọn sórí dòdò rí, mo sì dìde kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹun tán, á ki ìka bọ inú ike náà, á lá a, á tún ki ìka bọ inú rẹ̀. Itọ́ rẹ̀ ti mú kí ìsàlẹ̀ ike dì gbagidi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń fọ ike yẹn ni èébì máa ń gbé mi.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú lọ́dún tó kọjá, inú bí mi ni, kò bà mí lẹ́rù. Mo ní wọ̀bìà ló fà á.

Rodiyah ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Aládùúgbò wa ni, ó ń ránṣọ ní ojúlé kejì, kò sì sí ohun tó ń lọ ní àdúgbò tí kì í gba ojú fèrèsé rẹ̀ kọjá. Ó bá mi níbi tí mo ti ń sá aṣọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyá Nàfí, ẹ má bínú o. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀. Ṣé Alfa ò ti ń mu nǹkan báyìí? Ẹ ṣáà mọ̀ pé òògùn ikọ́ tí àwọn èèyàn ń mu bí ọtí yìí ti wọ ilé onílé. Ojú àwọn tó ń mu ún kì í pẹ́ wú báyẹn."

Ara mi gbóná. Mo rí i lójú ara mi bí àwọn òbí yóò ṣe máa wá fa ọmọ wọn jáde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á máa ní kò séwu, àwọn kàn fẹ́ kó sinmi ni. Mo gbé agbọ̀n aṣọ sílẹ̀.

"Ẹkún ni," ni mo wí. "Ó máa ń jí kí ìrun òru. Á máa sunkún sí Ọlọ́run lọ́rùn títí wọn á fi pe ìrun Àsùbá. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwa ló ń torí ẹ̀ sunkún, Rodiyah."

Ọkọ mi o! Ọkọ mi tí mo ní láti wọ́n omi sí lẹ́sẹ̀ kó tó lè dìde kí Àsùbá! Ṣùgbọ́n Rodiyah ti fi ọwọ́ bo ẹnu, omi ti lé sójú òun náà. "Subhanallahi," ló ń wí, "àti pé àwa ń rò ó sí ibòmíràn." Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Mo forí jì í, ẹ gbọ́ ìyẹn ná, èmi ni mo forí jì í.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí àdúgbò fi gbọ́. Àwọn ìyá tó ń sọ Hausa ń pè é ní Malam mai kuka, àwọn tiwa ń pè é ní Alfa Ẹlẹ́kún. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá fún un, kílíṣí, ẹja gbígbẹ, adìyẹ díndín tí iyọ̀ ń ta ní ara rẹ̀. Ó pè mí wọ yàrá.

"Ta ló sọ fún wọn pé mo ń sunkún?"

Mo ní èmi ni. Mo sọ ohun tí Rodiyah sọ fún mi àti èsì tí mo fún un. Mo rò pé yóò bá mi wí, mo sì ń retí rẹ̀, torí ó yẹ kí ẹnì kan bá mi wí.

"To," ló wí, bí Hausa ṣe ń ní ó dáa. Ó wá fa ọ̀rá kílíṣí mọ́ra.

Láti ìgbà náà lọ ni ìríra mi ti di méjì. Tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni. Ní báyìí ó ra áńkáṣíìfù funfun, bó bá ń wàásù níbi wòlímọ̀, á dákẹ́ díẹ̀, á fi nu ìsàlẹ̀ ojú méjèèjì, àwọn obìnrin á sì mí kanlẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti ń há nígbà yẹn, ó ti wúwo bí ohùn ẹni tó gbé nǹkan sí ọ̀fun. Wọ́n ní ẹkún ló fà á. Ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó ń gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ kéwú tó ti kọ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ kò sí ní ayé yìí mọ́. Mo máa ń jókòó láàárín wọn, màá máa wo bàtà mi.

Mo dán iyọ̀ wò. Mo ti gbọ́ lórí rédíò pé ẹni tó bá jẹ iyọ̀ àti mágí púpọ̀ lálẹ́, omi á dúró sí i lára, tó bá sì dùbúlẹ̀, ojú ni omi náà máa wá sí. Mo da yàjì rẹ̀ sínú gọ́tà, mo sì sọ ike náà tẹ̀ lé e. Oúnjẹ tí àwọn èèyàn bá gbé wá, mo ń kó o fún àwọn ọmọ. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi se ọbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ní iyọ̀ rárá, ó sì ń jẹ ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ń rọ lágbo. Ojú náà fà díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wá ń yọjú. Oṣù kẹta nìyẹn o, oṣù tí oòrùn Minna ń yan èèyàn, tí a ń tẹ́ ẹní síta kí a tó lè sùn. Ọkọ mi wọ súẹ́tà ọyẹ́, ó tún ní òtútù ń mú òun. Awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ó ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, èmi ni mo sì ń gbá a kúrò lórí ẹní láràárọ̀. Ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́fà, kò ní yàgbẹ́. Lọ́jọ́ tó bá wá lọ, á jókòó síbẹ̀ títí, á máa kérora, gbogbo ilé á máa gbọ́. Mo ń fi ọwọ́ bo imú kiri inú ilé ara mi. Mo ní Ọlọ́run, ṣé irú èyí ni mo bẹ̀ Ọ́ fún?

Khàdíjàh, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló la ojú mi. Dókítà ni, agùnbánirọ̀ ni lọ́dún náà, wọ́n sì fi í sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Bosso. Ó wá kí wa ní ọjọ́ Sátidé. Ó kúnlẹ̀ kí Alfa, Alfa dáhùn, Khàdíjàh sì tẹjú mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí a dé ìdí ààrò, ó bi mí léèrè.

"Àǹtí, irun òkè ojú Alfa dà?"

"Irun wo?"

"Ìparí rẹ̀, lápá etí. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Mo padà lọ sí pálọ̀ bí ẹni fẹ́ gbé ife omi. Òótọ́ ni. Irun náà dé àárín, ó tán síbẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń wo ojú yẹn, tí mo ń kẹ́gbin rẹ̀ nínú mi, mi ò sì rí i rí.

Khàdíjàh bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Òtútù ńkọ́? Ìgbẹ́ ńkọ́? Ṣé ó ń sùn jù? Ìgbà wo ni ohùn ti ń há? Bí mo ṣe ń dáhùn ni ojú rẹ̀ ń le sí i.

"Àǹtí, iyọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ ṣeun tí ẹ dín in kù. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í jẹ irun, kì í sì í mú ohùn há. Nǹkan kékeré kan wà ní iwájú ọrùn, ibi tí gẹ̀gẹ̀ máa ń yọ sí. Táíróìdì ni wọ́n ń pè é. Omi tó ń jáde láti inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ara ṣiṣẹ́. Tí kò bá jáde tó mọ́, òtútù á máa mú èèyàn, inú á máa dì, ọpọlọ á máa falẹ̀, ojú á sì wú. Èmi ò lè fi ojú lásán sọ pé òun ni, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ó wá ní Mọ́ńdè. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ títí, ó lè sùn lọ́jọ́ kan kó má jí."

Àwa méjèèjì lọ bá a. Khàdíjàh tún gbogbo rẹ̀ sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Haba, Khàdíjàh," ni Alfa wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ọ̀la ni wọ́n máa wé láwàní fún mi ní Chanchaga. Ẹ jẹ́ kí èyí kọjá ná."

Mi ò tíì sọ ìyẹn. Mọ́sáláàsì tuntun kan ní Chanchaga ti yàn án ní igbákejì lémọ́ọ̀mù. Àwọn àgbààgbà wọn wá sílé wa, wọ́n jókòó, wọ́n ní àwọn àgbà alfa pọ̀ nílùú, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ ń jẹ́rìí sí ìrun òru rẹ̀ ni àwọn ń fẹ́. Èmi ni mo gbé omi fún wọn mu.

Nígbà tí Khàdíjàh lọ tán, mo ní, "Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ. Ẹ sọ fún wọn pé ara yín ò yá."

Ó gbé ojú wíwú yẹn sókè. "Ìwọ lo sọ pé ẹkún ni, Mọ̀ríámọ̀. Kí n wá lọ sọ pé kì í ṣe ẹkún? Kí wọ́n wá pè mí ní kí ni?"

Kì í pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀. Mo lọ lọ aṣọ tó máa wọ̀.

Ní Chanchaga, wọ́n ti ta ìbòrí sí iwájú mọ́sáláàsì, èrò ti kún. Alfa wọ súẹ́tà sábẹ́ jàlàbíà, kò sì làágùn rárá nínú ooru yẹn. Wọ́n gbé e jókòó sórí àga. Kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wá síwájú rẹ̀, ó tọrọ áńkáṣíìfù náà. Ó fi nu omi kọ̀rọ̀ ojú ọkọ mi, ó sì fi pa ojú ọmọ tirẹ̀, ọ̀tún àti òsì, kí ọmọ náà lè bẹ̀rù Ọlọ́run. Ìyá mìíràn tún na ọwọ́ gbà á. Àwọn mẹ́rin ló fi omi yẹn pa ojú ọmọ. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ló rí mi lára lọ́jọ́ yẹn. Ẹnu tèmi ni.

Wọ́n ní kí ó ka Yāsíìn. Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà ń wọ́, ó ń wọ́, ó wá ń gba ibi kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ padé.

"Allāhu Akbar!" ni wọ́n pariwo. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọkùnrin kan ń fi fóònù ya fídíò. Ẹ̀mí ló gbé e, ni wọ́n ń wí, ẹ wo bí ìbẹ̀rù Ọlọ́run ṣe mú un.

Ọmọ mi Nàfísátù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fà mí láṣọ. "Mama, Baba barci yake yi," ló wí. "Wallahi, ó ń sùn."

Mo dìde. Mo gba àárín àwọn obìnrin, mo kọjá sí apá ọkùnrin, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà tutù bí omi kànga. Mo pè é, kò dáhùn. Mo gbá a létí, kò ṣí ojú. Ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà na ọ̀pá sí mi.

"Obìnrin, fi í sílẹ̀! Ó wà lọ́dọ̀ Olúwa rẹ̀."

"Kò tíì débẹ̀!" ni mo pariwo. "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ rán an lọ! Àìsàn ni! Ọkọ mi ò sunkún rí, kò jí kí ìrun òru rí, oorun ló ń sùn! Èmi ni mo parọ́! Ẹ gbé e dìde, ẹ bá mi wá kẹ̀kẹ́!"

Mo rí obìnrin tó kọ́kọ́ gba áńkáṣíìfù, ó fi ẹ̀gbẹ́ ìborùn rẹ̀ ń nu ojú ọmọ rẹ̀, ó ń nù ún kíkankíkan. Àwọn ọmọ ilé-kéwú méjì àti ọlọ́kadà kan péré ló bá mi gbé onílàwàní ọjọ́ yẹn sínú kẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni a lò nílé ìwòsàn. Khàdíjàh kò kúrò lọ́dọ̀ wa àyàfi tó bá lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ sọ ohun tí Khàdíjàh ti sọ gan-an. Wọ́n fún un ní òògùn oníhóró funfun kan, kékeré báyìí, ọ̀kan láràárọ̀ kó tó fẹnu kan oúnjẹ, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Dókítà àgbà bi mí bóyá mi ò rí i pé ojú rẹ̀ ń wú. Mo ní mo rí i. Ó ní kí la wá ń ṣe láti ọdún kan?

Wọ́n wé láwàní náà fún ẹlòmíràn ní Àlàhádì kejì. Àwọn ọmọ kéwú tó kù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kò ju méje lọ. Bí mo bá ń kọjá lọ, Rodiyah á tutọ́ sílẹ̀, á wá yí ojú sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Mo mọ bó ṣe ń ṣe é. Bí mo ṣe máa ń wo ike yàjì gan-an ló ń wò mí. Alfa kò bá mi sọ ju "oúnjẹ ti délẹ̀" àti "mo ti yó" fún nǹkan bí oṣù méjì.

Ṣùgbọ́n ojú náà ń fà. Ó fà díẹ̀díẹ̀ títí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi yọ, irun òkè ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà. Ó bọ́ súẹ́tà. Ohùn rẹ̀ mọ́. Ó wá ń dá jí fúnra rẹ̀, mi ò wọ́n omi sí i lẹ́sẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, mo jí, mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Ó ti wú. Tòkè tìsàlẹ̀. Mo sáré lọ yẹ páálí òògùn wò, ó ti lo ti ọjọ́ náà. Mo tú gbogbo ìdí ààrò wò, mi ò rí yàjì, mi ò rí mágí.

"Alfa, kí lẹ jẹ lánàá?"

"Ohun tí o sè."

"Kí ló wá ṣe ojú yín?"

Ó yí ojú sí ògiri. "Ìyá Nàfí, fi mí sílẹ̀."

Ẹní ìkírun rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fẹ́ ká a, ọwọ́ mi sì kan ibi tó máa ń gbé iwájú orí lé. Ó tutù. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Ó tutù rinrin fún omi ojú, odidi ibi tí àtẹ́lẹwọ́ mi gbà. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mi ò sì rí nǹkan kan tó rí mi lára.

Nígbà tí àwọn ọmọ méje yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kéwú, mo jáde lọ sá aṣọ. Rodiyah yọ orí lójú fèrèsé. Ó ti rí Alfa. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kẹta, ó bá mi sọ̀rọ̀.

"Ojú ọkọ yín tún ti wú o. Kí ló tún fà á?"

"Iyọ̀ ni," ni mo wí. "Ó jẹ yàjì lánàá."